Owó bébà àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kíkó o jọ, mímọ ipò rẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀

Ẹni tó bá ń kó owó àtijọ́ jọ, bó pẹ́ bó yá, ará ilé á máa pè é ní ahun, ará ìta á sì máa gbé owó tó ti gbó wá bá a. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé tẹ̀lé owó náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mi ò pín wọn dọ́gba-dọ́gba: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni mo ti pẹ́.

Mo bá owó bébà àtijọ́ nínú àpótí ẹbí wa. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí i?

Ẹ má ṣe nǹkan kan sí i. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ má nù ún, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ ọ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá tẹ́ owó náà sórí tábìlì tó mọ́, kí ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ló so wọ́n pọ̀, ẹ gé rọ́bà náà dípò kí ẹ fà á. Rọ́bà tó ti gbó máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ bébà, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Pínnì àti kílíìpù onírin máa ń dógùn-ún. Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti dógùn-ún mọ́ bébà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ títún ìwé àtijọ́ ṣe.

Ẹ wá kọ ọ́ síbì kan: ta ló ni owó náà, níbo lẹ ti rí i, àwọn wo ni wọ́n jọ wà pa pọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sára owó o. Ìtàn yẹn kò sí lọ́jà, bó bá ti sọnù, ó sọnù nìyẹn.

Ṣé bí owó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe níye lórí tó?

Rárá. Nǹkan mẹ́ta ló ń gbé owó ga: iye rẹ̀ tó ṣẹ́kù láyé, iye ènìyàn tó ń wá a, àti ipò tí bébà fúnra rẹ̀ wà. Ọjọ́ orí kàn ń ti àwọn mẹ́ta yìí lẹ́yìn ni.

Ẹ wo Jámánì ní 1923. Owó wọn já wálẹ̀ débi pé wọ́n ń tẹ bébà ti mílíọ̀nù àti ti bílíọ̀nù, àwọn ìlú àti ilé iṣẹ́ náà sì ń tẹ tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Notgeld. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà káàkiri, nítorí pé ohun tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọ aráyé lè sọ nù lọ.

Òdo tó wà lójú owó náà kì í sọ nǹkan kan. Ní 1946, Hungary gbé 100 mílíọ̀nù B.-pengő jáde, ìyẹn 1 tí òdo 20 tẹ̀ lé, nítorí pé B.-pengő kan ṣoṣo jẹ́ pengő 1 tí òdo 12 tẹ̀ lé, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó tíì ná èyí tó ga jù ú lọ. Ti Zimbabwe tó jẹ́ 100 tírílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n kọ 2008 sí lára, ní òdo 14. Àwọn òdo yẹn dùn-ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn tó ń ṣe owó ìlú ni wọ́n ń fi hàn, kì í ṣe ọ̀wọ́n.

Àwọn tó pẹ́ tí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n wà. Owó ìjọba Ming ní Ṣáínà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1375, jẹ́ bébà tí wọ́n fi èèpo igi mulberry ṣe, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34. Báńkì Johan Palmstruch ní Sweden, Stockholms Banco, gbé owó bébà àkọ́kọ́ ní Yúróòpù jáde ní 1661, nígbà tí owó bàbà wọn wúwo ju ohun tí ènìyàn lè gbé rìn lọ. Palmstruch tẹ̀ ẹ́ kọjá ohun tó ní nílẹ̀, báńkì náà sì dàrú láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ọ̀kan nínú wọn, tó sì ń kánjú tà á fún yín, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Owó méjì jọra bí ìbejì, ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ. Kí ló fà á?

Ẹ wo ìfọwọ́síwèé tó wà lára wọn. Bí ọ̀gá báńkì kan kò bá pẹ́ lórí oyè, owó tó fọwọ́ sí kò ní pọ̀. Ẹ wo ọdún, ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà, ẹ wo ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Èyí tó kéré gan-an bíi 00000001, èyí tó jẹ́ ẹyọ kan náà látòkè délẹ̀ bíi 88888888, èyí tó ń gun òkè bí àkàbà bíi 12345678, àti èyí tí ẹ lè kà láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn tí kò ní yàtọ̀, bíi 12344321: gbogbo wọn ni àwọn kan ń wá kiri lójú méjèèjì.

Owó arọ́pò tún wà. Bí ilé ìtẹ̀wé bá rí èyí tó bàjẹ́ nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì sàmì sí i. Láti 1910 ni Amẹ́ríkà ti ń fi àmì ìràwọ̀ sí ara nọ́ńbà irú owó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ tó sì bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú, tí àwòrán rẹ̀ wọ́ tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ dojú dé, òun náà ní àwọn tirẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n kọ SPECIMEN sí lára jẹ́ àpẹẹrẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn báńkì kí wọ́n lè dá owó tuntun mọ̀; òdo ló sábà máa ń wà níbi nọ́ńbà rẹ̀.

Kí ni "P-12b" tí mo ń rí lójú ìpolówó?

Nọ́ńbà Pick ni. Albert Pick, ará Jámánì, ló to owó bébà àgbáyé ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. P-12b ni ẹ̀yà b lára owó tó wà ní nọ́ńbà 12 lábẹ́ orílẹ̀-èdè kan. Ìfọwọ́síwèé tàbí ọdún ló sábà máa ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Kí ni UNC, AU, EF àti àwọn lẹ́tà yòókù yẹn?

Orúkọ ipò ni wọ́n. Ẹgbẹ́ International Bank Note Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ní òṣùwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé.

UNC (Uncirculated) ni owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ká, tí bébà rẹ̀ mọ́ tó sì le, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáṣá. AU (About Uncirculated) sún mọ́ ọn, àmọ́ ọwọ́ ti kàn án: ó lè ní ìpa kíká fẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, èyí tí kò tíì bẹ́ ojú bébà. EF (Extremely Fine), tí àwọn mìíràn ń kọ ní XF, lè ní ìpa kíká fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó pin síbẹ̀, tàbí ẹyọ kan tó jinlẹ̀. Dídán rẹ̀ ṣì wà. VF (Very Fine) ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n ti ká a lóòró àti níbùú, ó ti dọ̀tí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀.

F (Fine) ti rí ìnáwó. Ìpa kíká pọ̀ lára rẹ̀, ó ti ń rọ̀, etí rẹ̀ lè ya díẹ̀, ṣùgbọ́n yíya náà kò gbọ́dọ̀ wọ inú àwòrán, ihò kò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín. Ní VG (Very Good), yíya lè wọ inú àwòrán, ihò lè wà níbi tí ìpa kíká ti pàdé, igun rẹ̀ á ti yíká, àmọ́ kò tíì sí ibi tó já kúrò. Lẹ́yìn èyí ni G (Good), Fair àti Poor, tí bébà ti rọ̀ bí aṣọ àkísà, tí wọ́n ti kọ nǹkan sí lára, tí ibì kan sì ti lè já lọ.

Ẹni tó bá túmọ̀ àwọn orúkọ yìí bí wọ́n ṣe rí létí yóò jìn sí kòtò. "Good" kò dára. "Very Good" kò dára. "Fine" pàápàá ti jagun bọ̀. Àwọn tó ń tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà.

Báwo ni mo ṣe lè yẹ owó wò fúnra mi?

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kan láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀ lórí owó náà. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ká a rí yóò yọ bí ebè lóko. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè kí iná wà lẹ́yìn rẹ̀: ihò pínnì, ibi tó ya tí wọ́n lẹ̀ pa dà, ibi tó ti fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ á hàn. Ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá wo igun àti etí. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti sábà máa ń tú àṣírí ojú tó dára.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ojú yín mọ̀. Bébà tó kàn tẹ̀ fi ara rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ìlà níbẹ̀. Bébà tí wọ́n ká ní ìlà. Bébà tí wọ́n ká tí wọ́n sì fi èékánná tẹ̀ ní ìlà tí yíǹkì ti bẹ́ níbẹ̀, tí funfun sì yọ. Àárín méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ìjà AU àti EF ti ń ṣẹlẹ̀, owó tó pọ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀.

Ẹ kọ ipò tí ẹ fún un sílẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì láìwo ohun tí ẹ kọ. Ọmọ ẹni kì í burú lójú ẹni, owó ẹni náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo gba owó tuntun ní báńkì. UNC ni, àbí?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kà á á ti fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀, ẹ̀rọ ìkówó náà á ti fi àmì sílẹ̀. Bí igun kan bá ti tẹ̀, AU ni. Ẹ wá àárín ìdì, ẹ má mú tòkè tàbí tìsàlẹ̀.

Kí ni nọ́ńbà 1 sí 70 tí àwọn ilé iṣẹ́ onípò ń lò?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó owó onírin jọ ló ti wá. William Sheldon gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ní 1949 fún owó sẹ́ǹtì ńlá ti Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó láti yẹ owó àwọn ènìyàn wò, láti fún un ní ipò àti láti fi í sínú ike, bíi PMG tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, sì mú un wọ inú owó bébà. 70 ni òkè pátápátá. Láti 60 lọ sókè ni UNC, 50 sí 58 ni AU, 40 àti 45 ni EF, 20 sí 35 ni VF. Láàárín UNC fúnra rẹ̀, bí àwòrán bá ṣe wà láàárín bébà tó ni wọ́n fi ń ya 64 kúrò lára 66: owó tí ẹnikẹ́ni kò kàn rí lè pàdánù máàkì nítorí pé wọ́n gé e wọ́.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo nọ́ńbà. EPQ ni mò ń wá, lẹ́tà mẹ́ta tí PMG fi ń sọ pé bébà náà wà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ọ́, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì tún un ṣe. Bí ẹ bá rí NET, ó ní àléébù kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn. Èrò ènìyàn ni ipò jẹ́, èrò ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó kan náà lè lọ lẹ́ẹ̀mejì kó gba nọ́ńbà méjì.

Owó mi dọ̀tí, ó sì ti ká. Ṣé mo lè fọ̀ ọ́, kí n sì fi áyọ́ọ̀nù lọ ọ́?

Ìbéèrè yìí ń ba owó àtijọ́ jẹ́ ju ikán lọ. Rárá.

Ọ̀pọ̀ owó bébà kì í ṣe bébà igi. Òwú ni, ti Amẹ́ríkà jẹ́ òwú 75 nínú ọgọ́rùn-ún àti ọ̀gbọ̀ 25. Wọ́n fi oje kan tó dà bí sítáàṣì aṣọ mú un le, òun ló ń jẹ́ kí owó tuntun máa dún lọ́wọ́. Omi á fa oje yẹn jáde, bébà á rọ̀, kò sì ní le bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ní ti áyọ́ọ̀nù, ẹ fi ìka kan ojú àwòrán tó wà lára owó tuntun: ẹ ó gbọ́ pé yíǹkì náà ga sókè. Irin tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú agbára tó ń ti bébà wọ inú ojú ìlà tí wọ́n gbẹ́. Áyọ́ọ̀nù á tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìpa kíká ńkọ́? Fọ́nrán òwú tó ti ṣẹ́ kì í so pọ̀ mọ́. Ẹ pàdánù ohun tí ẹ ní, ẹ kò sì rí ohun tí ẹ ń wá.

Ẹnu ìrírí ni mo fi ń sọ ọ́. Owó àtijọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìpa kíká láàárín. Mo tẹ́ aṣọ tútù lé e, mo gbé áyọ́ọ̀nù sí i, ó dán gbinrin. Mo gbé e lọ fún bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, inú mi ń dùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ó sì pè mí wá wò. Ìlà náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Yíǹkì tó ga ni kò sí mọ́. Ó dá a pa dà fún mi, ó ní, "Tọ́jú èyí dáadáa o." Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Rọ́bà ìpàwérẹ́ náà wà nínú ohun tí mò ń sọ. Ìdọ̀tí nìkan kọ́ ló ń pa.

Owó mi ti ya. Ṣé téèpù kankan wà tó dára?

Kò sí. Gọ́ọ̀mù téèpù á wọ inú bébà, á pọ́n, á sì di àbàwọ́n tó ṣòro yọ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ń lo bébà Japan tó fẹ́lẹ́ àti lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì wíìtì sè, nítorí pé omi lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá sì tún owó ṣe tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún olùrà.

Irú ọ̀rá wo ni kí n fi í sí?

Ẹ yẹra fún PVC. Òun ni ike rírọ̀ tí ọ̀pọ̀ álíbọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú ń lò, òórùn rẹ̀ lágbára bí aṣọ ike ilé ìwẹ̀ tuntun. Wọ́n po òróró kan mọ́ ọn kó lè rọ̀. Bí ọdún ti ń lọ, òróró náà á máa jáde, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ owó, á sì fa yíǹkì rẹ̀. PVC tó ń gbó tún máa ń tú ásíìdì jáde.

Èyí tó dára jù ni polyester tí wọ́n ń tà ní orúkọ Mylar tàbí Melinex: ó le, ó mọ́ bí gíláàsì, kì í sì í bá bébà jà. Polypropylene náà dára. Bí ẹ kò bá mọ irú èyí tí ẹ ní, ẹ gé ẹyọ kékeré kan. Ẹ fi iná mú wáyà bàbà gbóná, ẹ fi kan ike náà kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ẹ dá wáyà pa dà sínú iná. Bí iná bá di àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PVC. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú, kí owó sì jìnnà.

Owó kan, àpò kan. Ẹ má ká a kó lè wọ̀ ọ́. Ẹ má sì ṣe lámínéètì o. Iná àti gọ́ọ̀mù á dà á pọ̀ mọ́ ike, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un mọ́.

Ibo ni kí n gbé e sí?

Ibi tí ó tutù díẹ̀, tí ó gbẹ, tí ó ṣókùnkùn. Ọ̀rinrin tó wà láàárín ìdá 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún dára, pẹ̀lú ooru tó tó 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n kí ó dúró lójú kan ṣe pàtàkì ju kí ó pé géérégé lọ: bébà tó ń wú tó tún ń súnkì lójoojúmọ́ ń rẹ ara rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, bébà á bu. Bí ó bá gbẹ jù, á máa ṣẹ́. Àpò kékeré silica gel tó máa ń bá bàtà tuntun wá ń ṣèrànwọ́ nínú àpótí tó dé dáadáa, bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀.

Àpótí onígi tí ẹ rò pé ó lẹ́wà? Igi máa ń tú ásíìdì jáde, pàápàá igi oak. Oòrùn á pa àwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé owó kọ́ ara ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gbé fọ́tò náà kọ́.

Ṣé kí n wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ti inú mùsíọ́ọ̀mù?

Ìbọ̀wọ́ òwú kì í jẹ́ kí ìka mọ ohun tó ń ṣe, ó sì lè há sí etí tó ti ya. Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ, tàbí ìbọ̀wọ́ nitrile tó fún mọ́ ọwọ́, sàn jù ú lọ.

Owó oníke tòde òní ńkọ́?

Australia ló kọ́kọ́ gbé irú èyí tí à ń ná lónìí jáde, ní 1988. Kì í mu omi, kì í sì í ya bọ̀rọ̀, èyí ló mú kí àwọn ènìyàn rò pé kò sí ohun tó lè ṣe é. Ooru á sún un kì, yíǹkì lè bó níbi tí wọ́n ti ká a. Bí ó bá sì ti ya díẹ̀ létí, yíya náà á sáré lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Tọ́ọ̀ṣì UV, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mú kí àwọn nǹkan kan tàn nínú òkùnkùn, ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ rà. Bébà owó kì í tàn lábẹ́ rẹ̀, bébà ọ́fíìsì máa ń tàn búlúù. Owó gidi tí wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ náà lè tàn, nítorí ohun tó ń mú aṣọ funfun wà nínú ọṣẹ náà. Lára owó tòde òní, àwọn fọ́nrán tàbí nọ́ńbà kan á tàn, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ara bébà ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gíláàsì wo ìlà: ìlà tí wọ́n fi irin gbẹ́ tẹ̀ mú, tìpíríǹtà jẹ́ ẹ̀kán àwọ̀ wíńníwínní. Àwòrán inú bébà, èyí tó ń hàn bí iná bá wà lẹ́yìn owó, gbọ́dọ̀ wà nínú bébà, kì í ṣe lójú rẹ̀.

Àwọn ayédèrú kan wà tó ti di ohun ìkójọ fúnra wọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Nazi fi agbára mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní àgọ́ Sachsenhausen láti tẹ owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Bernhard. Ó dára débi pé ní 1943, Bank of England dáwọ́ gbígbé owó tó ju 5 pọ́n-ùn lọ jáde dúró. Mo mọ àwọn tó ń kó wọn jọ; èmi kì í lè gbàgbé ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n.

Mo fẹ́ ra owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ béèrè fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, àti èyí tí iná wà lẹ́yìn owó náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ya ẹ̀kẹta yẹn mọ ìdí tí kò fi fẹ́. Bí ó bá sọ pé UNC ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí fọ̀ ọ́ rí, kí ó dáhùn ní kíkọ. Bí ọjà gbàǹjo ni, ẹ ka iye tí àwọn tó ń ṣe gbàǹjo ń fi kún owó kí ẹ tó nawọ́.

Bí owó náà bá wà nínú ike ilé iṣẹ́ onípò, ẹ tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ fi fọ́tò tibẹ̀ wé èyí tí wọ́n ń tà. Wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà.

Ṣé ó yẹ kí n fi gbogbo owó mi ránṣẹ́ fún ipò? Ṣé mo sì lè yọ èyí tó ti wà nínú ike?

Ẹ fi èyí tó ṣọ̀wọ́n, èyí tí ayédèrú rẹ̀ pọ̀, àti èyí tí ẹ fẹ́ tà ránṣẹ́. Yíyẹ̀ wò àti fífi ránṣẹ́ ń náni lówó, ó sì lè ju owó tí owó náà fúnra rẹ̀ ń pa lọ. Ìdajì tèmi kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè yọ ọ́, owó yín ni. Ipò náà á kú lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì san owó lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ bá tún fẹ́ ẹ. Ẹ ya fọ́tò àkọlé rẹ̀ ní tojú-tẹ̀yìn, ẹ gbá ike náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí owó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wá gé ike náà ní etí tó jìnnà sí i jù.